Ibi Tí Oògùn Kò Ti Ní Jẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìdílé Olóògùn Tí Ibi Dìde Sí

Ìtàn àròsọ nípa ìdílé olóògùn tí ibi dìde sí, ọwọ́ ibi kọ́ ló sábà ń kú sí, ọwọ́ oògùn ni. Òǹkọ̀wé á kó gbogbo agbára fún baba ilé láti ojú ìwé àkọ́kọ́: ọta ò ràn án, àdá ò ràn án, ó lè pòórá lójú ọ̀tá, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tó bá fi máa di orí kẹrin, ẹ̀rù ohunkóhun ò ba baba yìí mọ́, ẹ̀rù ò sì ba òǹkàwé náà mọ́. Òǹkọ̀wé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iwin tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iwin olójú mẹ́rin kò tó, ó di olójú mẹ́wàá; olójú mẹ́wàá kò tó, ó di ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ń yọ iná. Ìwé á máa gùn, ẹ̀rù ò ní kún un.

Nítorí náà, kí o tó mọ ohun tí oògùn inú ìwé rẹ lè ṣe, kọ́kọ́ mọ ibi tí kò ti ní jẹ́. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹni tó ń kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá ní àǹfààní kan: kò sí ìdí fún un láti jókòó máa hùmọ̀ òfin agbára. Òfin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Oògùn ní ohun èlò: ewé, egbò, èèpo igi, nǹkan ara ẹranko. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: wọ́n lè jó o di ẹ̀tù, wọ́n lè gún un ní àgúnmu, wọ́n lè sè é ní àgbo tàbí ní àsèjẹ, wọ́n lè gún un mọ́ ọṣẹ. Ó ní ibi tó ń gbé: inú àdó tàbí ató, ìgbàdí, ìfúnpá, òǹdè ọrùn, òrùka, tàbí gbẹ́rẹ́ lára. Ó ní ọfọ̀. Ó sì ní èèwọ̀.

Wo márààrún dáadáa, ọ̀nà márùn-ún tí nǹkan fi lè dàrú nìyẹn. Ohun èlò lè má pé; àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Wọ́n lè jó o jù. Àdó lè bọ́ sómi, ìfúnpá lè já níbi tí baba ti ń fa ọmọ jáde nínú kànga. Ọfọ̀ lè fò lọ lórí ẹni. Wọ́n lè tẹ èèwọ̀ láìmọ̀. (Gbẹ́rẹ́ nìkan ni kò ṣeé jí, kò ṣeé gbàgbé sílé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí o máa fi gbẹ́rẹ́ ṣeré lára àwọn èèyàn inú ìwé rẹ.) Bí oògùn kan ò bá jẹ́ nínú ìtàn, tí o ò lè fi ìka tọ́ èyí tó yẹ̀ nínú márùn-ún, òǹkàwé á mọ̀ pé ìwọ lo mú un kúrò nítorí ó dí ọ lọ́wọ́. Inú á bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Irú oògùn tí o bá yàn tún ṣe pàtàkì. Òkígbẹ́ àti ayẹta kì í ba ìtàn jẹ́, torí ẹni tí àdá ò ràn, ebi ṣì lè pa á, ọmọ rẹ̀ ṣì lè sọnù. Ìṣọ́yè dára gan-an, àwọn òǹkọ̀wé ò sì lò ó tó: ronú nípa ìyàwó ilé tí kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan tí ọkọ rẹ̀ ti sọ sí i rí. Kánàkò, tó ń ká ọ̀nà kò, wúlò bí o bá ṣe é débi pé ọ̀nà tó ká kò fún un ló ká kò fún ohun tó ń lé e bọ̀. Gbẹ́tugbẹ́tu léwu fún òǹkọ̀wé, torí bí ẹnì kan bá lè pàṣẹ kí ọ̀tá jókòó, kí ọ̀tá sì jókòó, ìjà ti tán nìyẹn.

Egbé ló burú jù. Egbé á gbé ẹni tó ni ín kúrò nínú ewu lọ síbòmíràn, ìran tí o fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ á parí lórí ìlà kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdílé lò ń kọ, ọ̀nà kan wà tí egbé fi lè ṣe ọ́ lóore. Sọ ọ́ di òfin inú ìwé rẹ pé ẹnì kan ṣoṣo ni egbé ń gbé. Èèyàn mẹ́fà wà nínú yàrá, iná ti mú òrùlé, egbé ẹyọ kan ló wà nídìí baba. Ta ló máa lọ? Ta ló máa kọ̀? Ta ni wọ́n máa dì mú kí wọ́n tó lè so ó mọ́ ọn nídìí? Àárín ìwé nìyẹn, o ò tíì pe iwin kankan.

Fún ìwé tó ní orí 24, tí orí kọ̀ọ̀kan sì tó ọ̀rọ̀ 2,500 (àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60,000), oògùn márùn-ún tó. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkàwé ò ní rántí èyí tó ń ṣe kí. Fa ìlà sínú ìwé ńlá kan, kí o kọ nǹkan mẹ́fà fún oògùn kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń ṣe, ibi tó ń gbé, èèwọ̀ rẹ̀, àwọn tó mọ ọfọ̀ rẹ̀, orí tí a ti kọ́kọ́ rí i tó jẹ́, orí tí kò ti ní jẹ́. Àpótí tó bá kẹ́yìn yẹn ni kí o kọ́kọ́ fi nǹkan sí. Oògùn tí àpótí ìkẹyìn rẹ̀ bá ṣófo, yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, bó ti wù kó dùn tó.

Èèwọ̀ ni wọ́n ń ṣì lò jù. Wàá rí i kà pé akọni ò gbọdọ̀ sọdá odò lóru ọjọ́ keje tí oṣù bá lé. Ta ló ń sọdá odò lóru? Ẹni tí wọ́n bá ti kìlọ̀ irú ẹ̀ fún á kàn jókòó sílé ni. Èèwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó wà ní ilé ìdáná àti àgbàlá, tí ẹsẹ̀ ń rìn kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbà pé kò yẹ kí igbálẹ̀ tàbí ọmọrogùn kan ọkùnrin tó ní nǹkan lára. Mú èyí. Ìyá ń fi igbálẹ̀ lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo tó sá, adìyẹ gba ẹ̀yìn ilé, baba yọ láti ẹ̀yìn ilé, ṣánṣán igbálẹ̀ mẹ́ta péré ló kàn án lẹ́sẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé lọ. Òǹkàwé tó rántí orí kejì, níbi tí a ti dárúkọ èèwọ̀ náà, ti dìde jókòó. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀tá ló wá ba èèwọ̀ jẹ́; jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ń se oúnjẹ fún un.

Èyí ló gbé wa dé inú ilé gan-an. Orúkọ àmútọ̀runwá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún ọ. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló jẹ́ ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Ìdòwú tẹ̀ lé ìbejì, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Ìgè fẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí dojú bolẹ̀, Òjò àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn, Dàda ta irun, Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Yétúndé kì í ṣe àmútọ̀runwá, àmọ́ ó wúlò ju púpọ̀ nínú wọn lọ: ìyá àgbà tó kú ló padà wá, ìyá tó bí i gan-an sì lè máa pè é ní “Ìyá”. Bí ìmọ̀ ìyá àgbà bá bá a padà wá, àwọn ọ̀tá ìyá àgbà ńkọ́?

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkíní, kí òǹkọ̀wé kó gbogbo wọn sínú ilé kan ṣoṣo bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Èkejì, kó ṣi ètò wọn gbé. Ìdòwú tó ju Kẹ́hìndé lọ, tàbí Àlàbá tí kò ní Ìdòwú níwájú rẹ̀, òǹkàwé Yorùbá á pa ìwé náà dé níbẹ̀, kò sì ní gba ẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kó ilé kan jọ. Baba ń jẹ́ Ògúndélé, ọdẹ ni. Ìyá ń jẹ́ Àṣàbí. Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Ìdòwú jẹ́ ọmọ mọ́kànlá, ìyá Ògúndélé wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn mẹ́fà nìyẹn. Agbára wà lọ́wọ́ baba, ó wà lára ìbejì, bóyá ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ìdòwú ò ní nǹkan kan. “Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì” ni wọ́n ń fi kí i, nítorí náà wọ́n ti ka oríkunkun sí i lọ́rùn kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbàgbọ́ sì wà pé ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, orí rẹ̀ lè dàrú. Wò ó: gbogbo ilé ló retí ọmọ yìí, kò sì sí ẹni tó retí rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Bí o bá ń wá ibi tí ibi máa gbà wọlé, o ò ní jìnnà lọ.

Agbára ìbejì, má pín in ní dọ́gbadọ́gba. Jẹ́ kí Táíwò máa rí, kí Kẹ́hìndé máa gbọ́, kí ẹnì kan má lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí èkejì. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọ̀kan á rí ẹnu tó ń mì láìmọ ohun tó ń sọ. Bí o bá sì fẹ́ pa ọ̀kan nínú wọn, ère ìbejì wà nílẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ bó ti ń fún èyí tó wà láàyè. Ṣùgbọ́n má pa á torí kí ère lè wọ ìtàn. Ó máa hàn.

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn náà jẹ́ ohun èlò. Ìyàwó ń pe ọkọ ní Baba Ìbejì, ọkọ ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Àwọn ọmọ ń sọ pé “ẹ”, wọn ò dárúkọ àgbà. Ìyá àgbà nìkan ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àkànní, oríkì rẹ̀. Bí o bá pa èyí mọ́ fún orí márùn-ún gbáko, nígbà tó bá di orí kẹfà tí ohùn kan bá ké lóru láti ẹ̀yìn ògiri pé “Ògúndélé!”, o ò ní kọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Òǹkàwé mọ̀ pé ẹni tó ń pe baba ìbejì ní orúkọ rẹ̀ gan-an kì í ṣe ará ilé, ó sì mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a ò rí lóru. Àwọn ìwé tí gbogbo èèyàn ti ń gbá ara wọn lórúkọ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ti sọ ohun ìjà yìí nù lọ́fẹ̀ẹ́.

Lórí ká pín agbára, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà ti ọdún 1938, ṣì ni àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀. Àwọn ọdẹ méje tó rán lọ sí Òkè Láńgbòdó, ẹ̀bùn ẹnì kan ò jọ ti ẹnì kejì: Kàkó ní kùmọ̀, Olóhùn-iyọ ní orin, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Èfòyé ní ọfà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e kì í sábà rí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà: baba Akàrà-oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, yìnbọn fún ẹtu tó ń jẹ ilá lóko, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ sì já sí ilé òun fúnra rẹ̀, sára ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín oko ilá àti ẹnu ọ̀nà ilé, ó bani lẹ́rù ju gbogbo igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ní ti ibi fúnra rẹ̀, jọ̀ọ́, má fi Èṣù ṣe é. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884 lábẹ́ àbójútó Àjàyí Crowther, ló fi orúkọ Èṣù pe Sátánì, ó sì ti wọ̀ wá lẹ́nu báyìí. Èṣù tí Ifá mọ̀, òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, òun ló ń wo ẹni tó rú àti ẹni tí kò rú. Bí o bá sọ ọ́ di ọ̀tá, o ti pa ẹni kan ṣoṣo tó lè bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀. Má sì fi àjẹ́ ṣe é bí kò bá sí ìdí pàtàkì, torí gbàrà tí wọ́n bá ti gbọ́ àjẹ́, gbogbo òǹkàwé á yíjú sí ìyá àgbà yàrá ẹ̀yìn, àdììtú rẹ ti tú.

Lo àwọn ajogun, àwọn agbára ibi tó ń bá ọmọ aráyé jagun. Nínú iṣẹ́ Wándé Abímbọ́lá lórí Ifá, mẹ́jọ ni olórí ogun wọn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Iṣẹ́ kálukú yàtọ̀, ìyẹn ló ń dáàbò bo ìwé rẹ lọ́wọ́ ìjà tó jọra. Má rán wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tèmi, Òfò ló yẹ kó ṣáájú, òun sì ni òǹkọ̀wé ń fojú tín-ín-rín jù. Òfò kì í pariwo. Ewúrẹ́ kan ò wálé. Àdó kan fọ́. Ìbọn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ti tutù. Òṣùṣù ewé tí ìyá sá sórí àjà, eku ti jẹ ẹ́ dé àárín. Tó bá fi máa di orí kẹjọ, oògùn márùn-ún ti di méjì, kò sì sí ẹni tó tíì mọ̀ pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn lè tẹ̀ lé e: kí wọ́n wá mú baba lórí nǹkan tí kò ṣe, kí ilé wà láìní olórí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ikú ni kí o fi sẹ́yìn, kó má tilẹ̀ tètè wọlé. Kó dúró sójú ọ̀nà kí wọ́n máa rí i.

Rántí pé a kì í pa ajogun. Ẹbọ ni wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí wọ́n tó lọ. Ìwé tó bá parí sórí idà tí wọ́n fi gún Ikú láyà ti fò kúrò nínú òfin tirẹ̀.

Kí ni ibi ń wá? “Ó fẹ́ jọba lé gbogbo ayé” kì í ṣe ìdáhùn, kò sí ẹni tó lè bínú sí i. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìyá àgbà jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ò rí ọmọ bí. Ọmọ dé, méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbàgbé láti san án. Tàbí kò gbàgbé. Gbèsè ọdún mẹ́tàlá nìyẹn, èlé sì ń gun orí rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ata lọ́jà lè gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kó mọ ẹni tó jẹ̀bi, kó sì tún ṣàánú rẹ̀.

Ẹ̀gbà ni mo fi pamọ́ dé ìsinsìnyí, nítorí òun àti ọfọ̀ ló ń rìn pọ̀. Ẹ̀gbà ń rọ apá, ó ń rọ ẹsẹ̀, ó sì ń mú ahọ́n. Ilé tí agbára rẹ̀ bá wà lẹ́nu, ọ̀tá tó yẹ kó bẹ̀rù jù nìyẹn.

Bí a ṣe ń kọ ọfọ̀ tó dà bí ọfọ̀ rèé. Òtítọ́ tí kò ṣeé jiyàn ló máa ń kó sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kó tó wá fi wọ́n de ohun tó ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń béèrè yẹn sì sábà máa ń fara pamọ́ sínú orúkọ ewé: ìyeyè gbé “yè” dání, patọnmọ́ gbé “pa” àti “mọ́” dání. Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé. Kọ ohun tí o fẹ́ kí oògùn ṣe ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, kí o tó wá ewé àti ẹranko tí ọ̀rọ̀ náà wà lára orúkọ tàbí ìwà wọn. Lẹ́yìn náà, yẹ òtítọ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “bí òjò bá dé, ìgbín a sá pa mọ́” ti ṣì í. Òjò ló ń mú ìgbín jáde, ẹ̀rùn ló ń mú un tì ara rẹ̀ mọ́nú ìkarahun. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo tó bá ka ìwé rẹ á rẹ́rìn-ín, ọfọ̀ tí wọ́n bá sì ti fi rẹ́rìn-ín kò lè jẹ́ mọ́.

Ká ní ìdílé wa fẹ́ kí ilé fi wọ́n pa mọ́ lójú ibi. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ni “pa mọ́”:

Bí ọwọ́ bá kan patọnmọ́, a pa itan rẹ̀ mọ́.
Bí ọwọ́ bá kan ahun, a pa orí rẹ̀ mọ́.
Bí ẹ̀rùn bá kan ìgbín, a pa ara rẹ̀ mọ́.
Ọwọ́ ibi kàn wá lónìí,
kí ilé yìí pa wá mọ́.

Ìlà márùn-ún péré. Ibi méjì ló ti lè yẹ̀, inú èdè wa sì ni méjèèjì wà.

Àkọ́kọ́ ni “wá”. Ta ni “wá”? Àwọn tó wà nínú ilé nígbà tí wọ́n pè é ni. Bí Ìdòwú bá wà ní odò lọ́jọ́ náà, tí kò sí nílé, ilé ti fi ara pa mọ́ fún òun náà. Á gba ojú ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á rí igi ọ̀sàn, á rí kànga, ilẹ̀ tó tẹ́jú ló máa rí láàárín méjèèjì. Ìyá rẹ̀ á máa wò ó láti ojú fèrèsé. Bí ó bá pè é, oògùn bàjẹ́.

Èkejì ni “mọ́”. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ṣeé là sí méjì, “wá” sì ti wà láàárín. Bí Ẹ̀gbà bá mú baba lẹ́nu lẹ́yìn “wá”, kí ó tó dé “mọ́”, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé: kí ilé yìí pa wá. Oògùn ò ní bi í pé kí ló fẹ́ sọ. Ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Igi àjà á kọ́kọ́ dún.

Kí ìran yìí tó lè mú òǹkàwé lọ́fun, o gbọ́dọ̀ ti gbìn ín. Jẹ́ ká gbọ́ ọfọ̀ náà ní pípé ní orí kẹta, níbi tí baba ti ń kọ́ Táíwò, tí Ìdòwú sì dúró lábẹ́ fèrèsé níta ń gbọ́. Jẹ́ kí baba máa fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ ní “mọ́” ìparí, kí etí òǹkàwé lè máa retí rẹ̀. Ní orí karùn-ún, Ìdòwú ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ létí iná, ó sín baba rẹ̀ jẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró sí “pa wá”, ó ń wo ojú Kẹ́hìndé. Ìyá àgbà gbá a lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti dìde. Kò ṣàlàyé. Má jẹ́ kó ṣàlàyé. Ní orí kẹsàn-án, oògùn jẹ́, Ìdòwú sì sọnù síta. Orí kọkàndínlógún ni kí ọfọ̀ wá dá dúró lágbedeméjì lẹ́nu baba.

Ta ló máa parí rẹ̀? Bó bá jẹ́ ìyá, ó rọrùn jù, torí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Táíwò, òun ni wọ́n kọ́, kò sí ìyàlẹ́nu kankan. Ìdòwú ni, láti ìta. Ó gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé ní orí kẹta, ó sì tún dúró lábẹ́ fèrèsé kan náà báyìí, bí kò tilẹ̀ rí i. Bó bá sọ “mọ́”, ó gbà wọ́n là, ó sì ti ilé mọ́ ara rẹ̀ síta. Ẹnu tí wọ́n gbá ni wọ́n wá ń dúró dè.

Òǹkàwé á béèrè ẹ̀rọ̀ oògùn náà, ohun tó máa tú u, torí náà mú un sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ewé alúpàyídà ló yẹ kí o fojú sí, torí “pa” àti “dà” wà lára rẹ̀, ohun tí ìyá yìí sì ń fẹ́ kò ju pé kí ọmọ òun padà. Ìyẹn tó orí méjì tó kẹ́yìn.

Ó ku títẹ̀. Irú ìwé yìí ò ṣeé tẹ̀ láìní àmì ohùn. “Pa wa mo” lórí ìwé kì í ṣe ọfọ̀, àlọ́ ni. Kí o tó yan irú lẹ́tà tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, tẹ ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ṣ, ǹ àti ḿ wò. Kò sí ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ọ ni wọ́n gbé àmì lé, irú lẹ́tà mìíràn á sì gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò orí. Ọ̀rọ̀ kan náà tún lè wà ní ọ̀nà méjì nínú fáìlì, torí ẹlòmíràn tẹ ó ṣáájú kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Bí o bá wá “mọ́” nínú ìwé, kọ̀ǹpútà á fo ìdajì wọn. Yí gbogbo fáìlì sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, kí o tó fi ránṣẹ́.

Bí àwọn atẹ̀wé bá sì ti to ojú ewé tán, lọ wo orí kọkàndínlógún fúnra rẹ. Ní kí wọ́n jẹ́ kí “kí ilé yìí pa wá” bọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn lójú ewé apá ọ̀tún, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í pín sí méjì, kí “mọ́” wà ní òkè ojú ewé tó tẹ̀ lé e, níbi tí òǹkàwé ò ti lè rí i àfi bó bá ṣí ojú ewé náà.